Kọ́ńtíróòlù ọwọ́ oní-1k lórí ẹ̀rọ ìjórin TIG tó fẹ́ 10k: kí ló dé tí iná kì í kọjá 110A?

ReeliLagere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọ́ńtíróòlù amp tí a máa ń dè mọ́ ọrùn tọ́ọ̀ṣì, tí àtàǹpàkò ń yí, ni mo fẹ́ bi yín léèrè.

Inverter AC/DC 200A ni ẹ̀rọ náà, iná ilé ló ń lò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì GX16 oní-pínnì márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀. Pẹ́dálì tó bá a wá, tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láti yí amp, ń ṣiṣẹ́ dáadáa, fọ́lúùmù 10k (ohm 10,000) ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n réèlì àtẹ̀gùn ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, páìpù stainless tí ara rẹ̀ nípọn 1.2mm, nílé alájà kan nítòsí Mayfair, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Èèyàn ò lè dúró lórí àtẹ̀gùn kó tún máa wá ibi tí yóò gbé pẹ́dálì sí. Kọ́ńtíróòlù ọwọ́ tí mo rí rà, tòkunbọ̀ ni. Púlọ́ọ̀gì oní-pínnì 14 ti Miller (ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìjórin) ló wà lẹ́nu rẹ̀, fọ́lúùmù inú rẹ̀ sì jẹ́ 1k.

Mo fi wáyà so ó mọ́ pínnì 3, 4 àti 5, níbi tí wáyà fọ́lúùmù pẹ́dálì máa ń wà. 1 àti 2 ni ti súwíìṣì. Ó ń dáhùn: bí mo bá yí i sókè, nọ́ńbà á gòkè, bí mo bá dá a padà, á sọ̀kalẹ̀. Àmọ́ kì í kọjá 110A. Pẹ́dálì a máa gbé e dé 200A.

Volt tí mo wọ̀n láàrin pínnì 3 àti 5 nìyí. Láìso nǹkan kan mọ́ ọn: 10.0V. Pẹ́dálì lórí rẹ̀: 9.1V. Kọ́ńtíróòlù ọwọ́ lórí rẹ̀: 5.0V.

Ṣé resistor (ohun tó ń dí iná lọ́wọ́) kan wà tí mo lè fi sí i kí wọ́n lè bára mu? Ṣé kò sì ní í ba bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ jẹ́?

MitaIlesa

Ẹ kú iṣẹ́. Volt mẹ́ta tí ẹ wọ̀n yẹn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ì bá dára kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ béèrè irú èyí máa kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni fọ́lúùmù ní. Ẹ̀rọ máa ń gbé volt kan tí kì í yí padà sí ẹsẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ wà lórí òdo, ẹsẹ̀ àárín ló ń rìn láàrin àwọn méjèèjì. Volt tó bá bá níbi tó dúró sí ló ń kó padà fún bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù kì í ka ohm rárá. Volt ẹsẹ̀ àárín nìkan ló ń kà. Ìdí nìyẹn tí 1k fi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ oní-10k: bí ẹ bá yí i dé ìdajì, ìdajì volt náà ló máa kó padà, ì báà jẹ́ 1k, ì báà jẹ́ 10k.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé 10V yẹn kì í ti inú ẹ̀rọ jáde tààrà. Resistor kan wà lójú ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó dé pínnì, kí bọ́ọ̀dù má baà jó bí wáyà méjì bá kan ara wọn. Láti inú ohun tí ẹ wọ̀n, 1k ni resistor náà. Bí 1k inú ẹ̀rọ bá pàdé 10k pẹ́dálì, 10 × 10/11 ló máa kù lórí fọ́lúùmù, ìyẹn 9.1V. Bí ó bá pàdé 1k ti kọ́ńtíróòlù ọwọ́, wọ́n á pín in lọ́gbọọgba, 5.0V. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti tò ó pé 9.1V ni 200A. Ẹ wá fi 9.1 pín 5.0, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 200: 110A. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yín, kò sì sí ohun tó ṣe kọ́ńtíróòlù náà.

Ní ti bọ́ọ̀dù, ẹ má fòyà. 10V lórí 2k lápapọ̀ kò ju 5mA lọ. Ohun tó lè ba bọ́ọ̀dù jẹ́ ni kí wáyà fọ́lúùmù bọ́ sórí pínnì súwíìṣì. Lórí ẹ̀rọ Miller oní-pínnì 14, A àti B ni súwíìṣì, 24V AC ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá; C ni ẹsẹ̀ òkè, 10V; D ni ìsàlẹ̀; E ni ẹsẹ̀ àárín. Nítorí náà nínú wáyà kọ́ńtíróòlù yín, èyí tó bá wá láti A àti B lọ sí 1 àti 2, C, D àti E sì lọ sí ti fọ́lúùmù. Ẹ kọ́kọ́ wọn volt tó wà lórí 1 àti 2 ti ẹ̀rọ yín kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ ọn, torí oríṣiríṣi ni: òmíràn 5V, òmíràn 12V, òmíràn 24V.

Bí a ṣe ń tún un ṣe ni pé kí ẹ yọ fọ́lúùmù 1k kúrò nínú kọ́ńtíróòlù, kí ẹ fi 10k sí ipò rẹ̀. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wọn ìbú ara èyí tó wà nínú rẹ̀ àti ọ̀pá tí bọ́tìnì ń dúró lé. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe jẹ́ 16mm, ọ̀pá rẹ̀ 6mm. Kọ́ńtíróòlù tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gba oní-9mm. Ẹ tún wo ẹnu ọ̀pá náà, bóyá ó yípo délẹ̀ ni, bóyá wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, tàbí ó ní eyín; bí kò bá bá bọ́tìnì yín mu, á máa yọ́ lọ́wọ́ yín lórí iṣẹ́, amp á sì dúró sójú kan nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti dín in kù.

Ẹ má ṣí ẹ̀rọ láti lọ pààrọ̀ resistor inú rẹ̀. Lórí iná 220V, capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) inú inverter ń gbé nǹkan bíi 310V DC, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ó ba pẹ́dálì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jẹ́.

ArgonModakeke

Ẹ̀gbọ́n MitaIlesa, ẹ kú làákàyè. Àmọ́ n kò tíì rí ìdí tí resistor kò fi lè ṣe é. Bí 1k bá kéré, ṣebí èèyàn lè fi 9k tẹ̀ lé e kí àpapọ̀ wọn di 10k? Ẹ̀rọ á rí 10k tó ń wá. Àwọn tí fọ́lúùmù tiwọn tóbi jù ńkọ́? Pẹ́dálì 47k ń bẹ nígboro dáadáa. Ṣé kò ṣeé fi resistor sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó wálẹ̀?

MitaIlesa

Òótọ́ ni, ẹ̀rọ á rí 10k. Ẹsẹ̀ àárín ni kò ní í rí ọ̀nà rìn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é síwájú: 1k inú ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà resistor 9.1k tí ẹ fi kún un lókè, lẹ́yìn náà fọ́lúùmù 1k. Àpapọ̀ jẹ́ 11.1k. Nínú 10V, 0.9V péré ló máa wà lórí fọ́lúùmù. Ẹ yí i délẹ̀, ẹ yí i dókè, amp kò ní í kọjá 20. Bí ẹ bá gbé 9.1k náà sí ìsàlẹ̀ dípò òkè, fọ́lúùmù á máa rìn láàrin 8.2V àti 9.1V: kò ní í sọ̀kalẹ̀ ju 180A lọ. Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa ṣe fún páìpù 1.2mm nígbà tí ẹni tó mú tọ́ọ̀ṣì rò pé òun ti yí i sẹ́yìn pátápátá. Bí ẹ bá pín in sí méjì, òkè díẹ̀, ìsàlẹ̀ díẹ̀, ààyè 20A yẹn náà ni, ibòmíràn ló kàn wà. Fọ́lúùmù tó bá kéré kò ṣeé fi resistor mú tóbi láìjẹ́ pé a gba ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí 47k yàtọ̀ díẹ̀. Resistor 12k láti ẹsẹ̀ òkè sí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ máa sọ ọ́ di 9.6k, 13k máa sọ ọ́ di 10.2k. Volt òkè á padà sí ibi tó yẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe nìyẹn, torí wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹsẹ̀ àárín ṣì dúró lórí 47k. Ní ìdajì ọ̀nà, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ bíi 12k, nígbà tí ti 10k jẹ́ 2.5k péré. Bí bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ bá ní resistor 10k láàrin ojú àbáwọlé rẹ̀ àti òdo, fọ́lúùmù 10k máa kó bíi 3.6V padà ní ìdajì ọ̀nà, 47k máa kó 2.1V péré. Bí àbáwọlé bọ́ọ̀dù bá jẹ́ 100k sókè, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, ẹ lè fi 12k yẹn ṣe é kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tó máa fi hàn yín ni kí ẹ yí i dé ìdajì gan-an kí ẹ wo nọ́ńbà. Bí ó bá jìnnà sí ti ojúlówó pẹ́dálì ní ìdajì kan náà, ẹ pààrọ̀ fọ́lúùmù.

Kí n tó gbàgbé: gbogbo èyí jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń lo ẹsẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé wáyà méjì péré ló ti fọ́lúùmù lọ sínú wọn. Àwọn yẹn ń ka ohm fúnra rẹ̀, iye tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ náà sì ni kí ẹ lò, kò sí àtúnṣe kankan. Ẹ tún wò bóyá wáyà kúkúrú kan so pínnì méjì pọ̀ nínú púlọ́ọ̀gì ojúlówó pẹ́dálì. Bí ó bá wà, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kọ́ńtíróòlù ti dé. Bí ẹ kò bá ṣe irú rẹ̀ sínú púlọ́ọ̀gì tuntun, bọ́tìnì ojú ẹ̀rọ ló máa máa pàṣẹ, ẹ ó sì rò pé fọ́lúùmù yín ti bàjẹ́.

BabaWaya

Ẹ kú ìjíròrò. Ìṣirò ti dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wáyà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ́ńtíróòlù tí wọ́n fi ọwọ́ tò máa ń kú sí.

HF (high frequency) tó ń tan arc, ìyẹn iná tó ń jó irin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt ni, ara okùn tọ́ọ̀ṣì ló sì ń gbà kọjá. Wáyà kọ́ńtíróòlù yín máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn yẹn láti orí dé ìdí. Bí wáyà náà bá wà ní ìhòòhò, ohun tó bá gbà nínú HF ló máa gbé wọ bọ́ọ̀dù. Ẹ lo wáyà oníàwọ̀n (èyí tí àwọ̀n irin bò lábẹ́ rọ́bà), inú rẹ̀ márùn-ún: mẹ́ta fún fọ́lúùmù, méjì fún súwíìṣì. Bí ẹ bá rí oníwáyà mẹ́fà, ẹ fi méjì ṣe ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀. Kí ìnípọn wáyà kọ̀ọ̀kan wà láàrin 0.22 àti 0.5mm², kó sì jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ fọ́nrán wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo ti ń rí àwọn tó ń lo wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Irin kan ṣoṣo gbọọrọ ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lọ́jọ́ gbogbo, á já láìpẹ́, inú rọ́bà ló sì máa já sí, ojú kò ní í rí i.

Àwọ̀n náà, apá ẹ̀rọ nìkan ni kí ẹ ti so ó mọ́lẹ̀, lára irin ẹ̀rọ. Ní apá tọ́ọ̀ṣì, ẹ gé e kúrò kí ẹ fi rọ́bà bò ó. Bí ẹ bá so ó níbi méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ di ọ̀nà tí iná á máa gbà kọjá. Ẹ má sì fi àwọ̀n ṣe wáyà ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ kí ẹ lè fi rí wáyà kan jẹ.

Ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì GX16 ni kí ẹ ti máa ka nọ́ńbà nígbà tí ẹ bá ń jó o pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá wò ó láti iwájú, ọ̀tún á di òsì. Kàkà kí ẹ máa kà á lójú lásán, ẹ fi mítà tó ń dún ṣe é, láti pínnì dé ìdí wáyà, kí ẹ tó ti púlọ́ọ̀gì bọ ẹ̀rọ. Kí ẹ fi rọ́bà tó ń sún bò pínnì kọ̀ọ̀kan.

Nínú púlọ́ọ̀gì kan náà, ẹ jó resistor 100k láti ẹsẹ̀ àárín sí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀. Bí wáyà ẹsẹ̀ àárín bá já nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, àbáwọlé bọ́ọ̀dù máa ń dúró lófuurufú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí amp máa lọ; 100k yẹn ló máa fà á sọ̀kalẹ̀. Kò dí fọ́lúùmù 10k lọ́wọ́: ní ìdajì ọ̀nà, ohun tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí wáyà ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ló bá já, 100k kò lè gbà yín. Ẹsẹ̀ àárín á rí volt òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ á sì gbé gbogbo amp rẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wáyà méjì ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí súwíìṣì fi gbọ́dọ̀ wà níbi tí ìka lè tètè kúrò lórí rẹ̀.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, ẹ̀rọ ní pípa: mítà lórí ohm tó ga jù lọ, láti pínnì kọ̀ọ̀kan ti kọ́ńtíróòlù sí ẹnu tọ́ọ̀ṣì níbi tí tungsten (ọ̀pá tí arc ń ti ẹnu rẹ̀ jáde) ń gbé, lẹ́yìn náà sí ara páìpù. Kò gbọdọ̀ sí ìsopọ̀ kankan. Bí irin ara fọ́lúùmù bá kan irin tọ́ọ̀ṣì, HF ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Bọ́tìnì oníke ni kí ẹ lò, kì í ṣe onírin.

ReeliLagere

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n. Mo ti pààrọ̀ fọ́lúùmù, mo sì ti to wáyà bí ẹ ṣe wí. Ó ti dé 200A báyìí. Nǹkan méjì ló ṣẹ́ kù.

Àkọ́kọ́, bí mo bá yí i dé ìdajì, nǹkan bíi 25A ni mò ń rí. Tó bá wá ku díẹ̀ kó parí, á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. A10K ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, nígbà tí HF bá ta, nọ́ńbà máa ń gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dúró. Lẹ́yìn ìyẹn kì í yẹ̀ mọ́.

MitaIlesa

Lẹ́tà A yẹn ni. Lórí ọ̀pọ̀ fọ́lúùmù tó wà lọ́jà wa, A ni wọ́n ń kọ sára ti ohùn rédíò, èyí tó máa ń rọra gòkè ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì máa ń sáré ní ìparí. Ní ìdajì ọ̀nà, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń fúnni, 20A sí 30A lórí ẹ̀rọ yín. B ni èyí tó ń lọ gbọọrọ. Ẹ béèrè B10K. Bí wọ́n bá kọ B103 sára rẹ̀, ọ̀kan náà ni. 103 túmọ̀ sí 10 pẹ̀lú òdo mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni 473 ṣe jẹ́ 47k tí 104 sì jẹ́ 100k. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà nìkan, torí fọ́lúùmù àtijọ́ láti Yúróòpù lè lo lẹ́tà méjèèjì ní òdìkejì. Ẹ gbé mítà dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á: láti ẹsẹ̀ ìpẹ̀kun kan sí ẹsẹ̀ àárín, kí ó jẹ́ bíi 5k nígbà tí ọ̀pá bá wà ní ìdajì.

Níbẹ̀ náà, ẹ rọra yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ máa wo mítà. Mítà alábẹ́rẹ́ dára fún èyí ju oní-nọ́ńbà lọ, torí ojú á rí i bí abẹ́rẹ́ bá fò. Níbi tó bá ti fò, amp náà máa fò níbẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n dé pa, tí eruku kò lè wọ̀, ẹ san owó lé e. Ìyẹ̀fun irin láti ara gíráńdà ló ń pa fọ́lúùmù lẹ́nu iṣẹ́ wa: ó ń há sójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àárín ń gbà, ó sì ń gé e. Ẹ má da epo tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì sí i. Ìyẹn ló máa kó eruku jọ.

Bí ẹ bá so ó tán tó wá ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì, tí yíyí sókè ń mú amp sọ̀kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà ẹsẹ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àárín.

Ní ti gbígbọ̀n, ẹ jó capacitor 104, ìyẹn 0.1µF, tí agbára rẹ̀ tó 50V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ẹsẹ̀ àárín sí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ nínú púlọ́ọ̀gì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 100k tí Bàbá ní kí ẹ fi sí i. Apá ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe apá tọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá tíì tó, ẹ ya wáyà kọ́ńtíróòlù díẹ̀ kúrò lára okùn tọ́ọ̀ṣì ní ìwọ̀n mítà kan àkọ́kọ́ láti ẹ̀rọ, ẹ má sì ká okùn tó bá ṣẹ́ kù jọ ní róbótó sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi mítà wọn nǹkan lórí pínnì tí ẹ̀rọ wà ní títàn, ẹ pa HF, ẹ fi í sí lift (títan arc láìlo HF, nípa fífi tungsten kan irin kí a tó gbé e sókè). HF kan ṣoṣo ti tó láti pa mítà.

ArgonModakeke

Ẹ kú iṣẹ́, ReeliLagere. Níwọ̀n bí páìpù 1.2mm ti jẹ́ iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó máa dùn mọ́ àtàǹpàkò yín.

35A sí 50A ni páìpù yẹn ń fẹ́. Lórí fọ́lúùmù tó ń lọ dé 200A, ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ìrìn rẹ̀ nìkan lẹ ó máa lò, bí ìka bá sì yẹ̀ díẹ̀, amp ti fi 10 lé. Resistor tí ẹ̀gbọ́n kọ̀ fún wa lókè yẹn wúlò níbí, nítorí pé dídín òkè kù ni a fẹ́ báyìí. Ẹ fi 10k sáàrin pínnì volt òkè àti ẹsẹ̀ òkè fọ́lúùmù B10K. Ìṣirò: 1k inú ẹ̀rọ, 10k tuntun, 10k fọ́lúùmù, 21k lápapọ̀, 4.76V ló máa wà lórí fọ́lúùmù, ìyẹn bíi 105A. Gbogbo ìrìn fọ́lúùmù á wá jẹ́ ti 105A, ìyípo kan náà á sì máa gbé amp tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀ṣì WP-17 lẹ̀ ń lò, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 150A DC, 3.9k ní ibẹ̀ máa dá a dúró ní nǹkan bíi 147A, ẹnikẹ́ni kò sì ní í ṣèèṣì sun ún. WP-26 lè gba 200A DC.

Tungsten 1.6mm, argon lítà 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ yí àkókò ìsọ̀kalẹ̀ amp tó wà lójú ẹ̀rọ sí òdo, torí àtàǹpàkò ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí. Bí méjèèjì bá ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní í mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí gáàsì ìparí ṣì máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 8. Níbi tí ojú ìjó bá ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìgun réèlì, ẹ rọra yí i sẹ́yìn títí adágún irin á fi kéré kí ẹ tó tú súwíìṣì sílẹ̀. Ihò kékeré tó máa ń là ní àárín kò ní í ṣẹlẹ̀.

ReeliLagere

Ó yé mi yékéyéké, ẹ ṣeun. B10K ti wà níbẹ̀, ìdajì ti di nǹkan bíi 100A, capacitor náà sì ti pa gbígbọ̀n. Lórí 10k tó ń dín òkè kù: ṣé mo lè fi súwíìṣì kékeré kan sí i, kí n lè máa yàn láàrin 105A àti 200A? Bẹ́ǹṣì ni mo ti ń jó àwo ìpìlẹ̀ 6mm tí òpó ń dúró lé, ìyẹn sì ń fẹ́ ju 105A lọ.

MitaIlesa

Ó ṣeé ṣe. Ẹ fi súwíìṣì alápá méjì lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ resistor náà, ẹsẹ̀ kan ní ìhín rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ní ọ̀hún. Bí ó bá ṣí, iná gba inú 10k, 105A. Bí ó bá pa dé, iná fo 10k kọjá, 200A. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí súwíìṣì náà bá bàjẹ́ tí kò pa dé mọ́, apá kékeré lẹ máa wà.

Inú àpótí ike kékeré ni kí ẹ gbé méjèèjì sí, nítòsí púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe lórí tọ́ọ̀ṣì níbi tí ọwọ́ lè ṣèèṣì kàn án. Kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí arc bá wà: níbi tí ẹ ti ń jó pẹ̀lú 50A, á fò lọ sí 95A lójú ẹsẹ̀, páìpù 1.2mm á sì lu. Ẹ parí ojú ìjó, ẹ yí fọ́lúùmù sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.